Onígìtá Tó Kọ̀ Tí Kò Dìde

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi eré kan ní Ìwó, ẹ má lọ síbẹ̀. Ẹ jókòó sílé yín. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn tó lọ yóò máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú yóò sì gbé eré tirẹ̀ dání. Èyí tí ìyá gbé wá kì í bá èyí tí ọmọ rẹ̀ gbé wá mu, bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ǹṣì kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí. Bàbá mi mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí kò fi lọ síbi eré gìtá tí mo fẹ́ sọ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí tirẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń gbàdúrà kí eré náà dára.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò le. Mo fẹ́ fẹ́ onígìtá, bàbá mi ò sì fẹ́ kí n fẹ́ ẹ.

Àárín àwọn ọdún 1980 ni. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì ti dàgbà dé ibi tí àwọn obìnrin àdúgbò wa kì í fi kí mi tán kí wọ́n tó bi mí pé ìgbà wo làwọn máa jẹ ìrẹsì mi. Bàbá mi ń ta símẹ́ǹtì àti páànù lẹ́bàá ọjà. Ẹni tí mo fẹ́, ọmọ Kuta ni, ìyẹn kò sì jìnnà. Mọ́tò tó bá gbéra ní Ìwó, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó gbóná ló ti dé Kuta. Ìbàdàn ló ń gbé. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan níbẹ̀, tòun ti táì lọ́rùn. Tó bá wá di òpin ọ̀sẹ̀, a bọ́ táì sílẹ̀, a gbé gìtá kọ́rùn, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta a máa kọ orin bulúùsì àti rọ́ọ̀kì káàkiri àwọn iléèwé gíga.

Ká ní jùjú ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Bàbá mi fẹ́ràn jùjú. Ó ní oníjùjú mọ ẹni tó bí ọ, ó sì mọ ẹni tó bí ẹni tó bí ọ. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tèmi fún un.

"Ta ni wọ́n máa ń kì nínú orin tiwọn?"

"Wọn kì í ki ẹnikẹ́ni, Bàbá."

"Kí ni wọ́n wá ń kọ?"

"Ìṣòro ara wọn ni wọ́n ń kọ."

Bàbá mi wò mí títí. "Mo ti rò pé alágbe lo fẹ́ fẹ́," ló wí. "Èyí tún kéré sí alágbe. Alágbe ń rí nǹkan gbà."

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Orí kunkun bàbá mi ni mo sì jogún, kì í ṣe ti ìyá mi. Mo sọ fún un pé bí kò bá ti jẹ́ onígìtá yìí, kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí n máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ. Ó ní kò burú, ọmọ ọlọ́mọ náà ń fẹ́ olùkọ́. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ la fi wà bẹ́ẹ̀. Màá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, yóò dáhùn, ó parí. Ìyá mi ló ń ru ọ̀rọ̀ láàárín àwa méjèèjì bí ẹni ń ru omi.

Àbúrò mi ọkùnrin ló yí ọ̀rọ̀ náà padà, láìmọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà náà, ó wá lo ìsinmi nílé, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́ Ìwó tó fẹ́ràn orin gìtá dá sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò ju ká pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù bábà kan tó ń gẹ irun, ká máa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, ká sì máa jiyàn lọ. Ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀, èyí tí àṣà rẹ̀ ti kú ní Èkó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n gbọ́ pé èmi mọ onígìtá kan ní Ìbàdàn, wọ́n ní kí n bá wọn pè é. Wọ́n rí gbọ̀ngàn iléèwé kan gbà lọ́wọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi, pẹ̀lú àdéhùn pé kò gbọdọ̀ sí ọtí, eré sì gbọ́dọ̀ parí kí oòrùn tó wọ̀.

Bàbá mi gbọ́. Ó ní, "Ó dáa. Bó bá ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Ìwó, ẹ̀gbọ́n mi ni yóò lọ wò ó fún mi. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ, òun la ó ṣe."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ́. Obìnrin ni. Òun ló tọ́ bàbá mi nígbà tí ìyá wọn kú, ó pọ̀n ọ́n lọ sóko, ó pọ̀n ọ́n lọ sọ́jà. Ó ti lọ sí Mẹ́kà, gbogbo ilé ń pè é ní Alájà. Bí bàbá mi bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí Alájà ní bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ la ó ṣe. Nílé wa, a kì í sì í gba ọkọ ọmọ wọlé láìwádìí. Wọ́n á rán ẹnì kan lọ sí ìlú ọkọ, yóò dọ́gbọ́n bèèrè bóyá wọ́n ní àrùn kan nínú ẹbí, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá wọ́n ń lu ìyàwó. Alájà ní òun ò lọ sí Kuta ní tòun.

"Kí ni ará Kuta fẹ́ sọ nípa ọmọ Kuta? Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ dé. Inú oko la ti ń mọ àgbẹ̀."

Bí ọ̀ràn ìgbéyàwó mi ṣe di ohun tí wọ́n máa fi eré rọ́ọ̀kì pinnu nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí eré náà bọ́ sí, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Alájà wé gèlè funfun, ó da ìborùn lé e, ó sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dání. Ọ̀kan jẹ́ aládùúgbò wa. Ìkejì wá láti Ilé-Ogbó, ó wá kí i jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kò mọ ibi tí wọ́n ń mú òun lọ. Àbúrò mi ti to àga sẹ́yìn fún wọn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí ariwo ò ti ní pọ̀. Alájà kọjá àga náà bíi pé kò rí i. Ó lọ tààrà sí iwájú pátápátá, ó jókòó sábẹ́ sípíkà kan tó ga ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ.

"Alájà, ẹ̀yìn ló dáa fún yín," àbúrò mi bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀yìn kọ́ ni wọ́n ti ń wo ọkọ ọmọ," ló fi dá a lóhùn.

Gbọ̀ngàn kún. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ańjọ̀fẹ́: a ò gba owó lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà àwọn tí kò mọ ìyàtọ̀ gìtá àti igi ìdáná wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ẹni tèmi kọ́kọ́ fi ọwọ́ ta okùn, tí sípíkà gbé e, ìyá Ilé-Ogbó di orí rẹ̀ mú, ó pe orúkọ Ọlọ́run. Alájà ò mira. Ojú rẹ̀ wà lára ọkùnrin tó gbé gìtá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò. Ṣòkòtò ọkùnrin náà fún, ó sì wọ gíláàsì dúdú nínú ilé.

"Ṣé ojú ń dùn ún ni?"

"Rárá, mà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni."

"Kí Ọlọ́run bá a wò ó," ló wí.

Bulúùsì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Orin bulúùsì kì í kánjú. Ẹni tèmi á kọ gbólóhùn kan, á dákẹ́, gìtá á dá a lóhùn, bíi ìgbà tí èèyàn méjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìnkú. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ní Ìbàdàn, kí n tó mọ orúkọ rẹ̀. Mo ti ń gbádùn ara mi lọ nígbà tí Alájà fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kí ló ń sọ?"

Mo ronú pé kí n yí i, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ òyìnbó pọ̀ nítòsí wa. "Ó ní ìyàwó òun kó ẹrù jáde láàárọ̀, òjò sì ń pa òun lójú ọ̀nà."

Alájà yíjú sí mi tàrà. "Ó ti níyàwó?"

"Rárá, mà. Orin ni."

"Ta ló wá kó ẹrù jáde?"

"Kò sí ẹni tó kó ẹrù, mà."

"Kí ló wá ń pa á lẹ́kún?"

Láti ọjọ́ náà mo ti gbọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tó ṣàlàyé bulúùsì lórí rédíò fún wákàtí gbáko, mi ò tíì gbọ́ èyí tó dáhùn ìbéèrè Alájà.

Àárín àwọn tó mọ orin náà kò dán mọ́rán bákan náà. Èmi rò pé ọ̀kan ni gbogbo wọn, àṣé méjì ni wọ́n. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀ tó wà lẹ́yìn, orin gbígbóná ni wọ́n bá wá, wọ́n ń kígbe pé kí wọ́n tanná sí i. Àwọn olùkọ́ bíi tèmi, bulúùsì la fẹ́, a ń yíjú padà, a ń ṣe ṣíọ̀ sí wọn. Ìyá Ilé-Ogbó bèèrè bóyá ìjà ti dé ni, kí òun tètè mọ ibi tí òun máa gbà jáde.

Wọ́n wá dé orí rọ́ọ̀kì. Onílù bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù bíi pé ìlù náà jẹ ẹ́ ní gbèsè, àwọn tó wà lẹ́yìn dìde dúró lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tèmi sá káàkiri pèpéle, ó fò, ó yí, gíláàsì dúdú jábọ́, ó sì sún wá sétí pèpéle gan-an, iwájú Alájà. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì. Ó bọ́ gìtá lọ́rùn, ó rọra gbé e kalẹ̀ síwájú, ó na ara rẹ̀ gbalaja sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń fi ìka ta okùn níbi tí gìtá náà dùbúlẹ̀ sí. Gìtá ń ké. Àwọn tó wà lẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè.

Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ó máa ń ṣe é. Yóò dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, onílù yóò fún un ní àmì, yóò fò dìde, wọ́n á sì parí orin. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ojú tèmi kúrò, kí ẹ fi ti Alájà wò ó. Ọmọkùnrin kan, ní gbangba, lójú gbogbo ayé, wá bá a níbi tó jókòó sí, ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀.

Alájà dìde. "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi," ló wí. "O ṣeun. Dìde."

Kò dìde.

Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa kì í kánjú dìde, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń dúró kí àgbà súre ni. Alájà sún mọ́ pèpéle, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. "O ó dàgbà," ló bẹ̀rẹ̀. "O ó dogbó. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní pa ọ́." Máìkì ti ṣubú nígbà tí ẹni tèmi ń fò, ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, kò sì kú. Ni àdúrà bá gba inú sípíkà jáde. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò ní pa á, gbogbo gbọ̀ngàn sì ní, "Àmín." Kí la fẹ́ ṣe? Bí àgbà bá ṣàdúrà, à á ṣe Àmín ni. Onígbàgbọ́ ṣe é, Mùsùlùmí ṣe é. Onílù rí i pé ọ̀gá òun ò dìde, ó ń lu ìlù rẹ̀ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ àdúrà.

Kò dìde síbẹ̀. Alájà wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú, bí ẹni pé, ẹ ò rí ẹ̀kọ́ lára ọmọ. Aládùúgbò wa gba àdúrà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní yóò lọ ire, yóò bọ̀ ire. Ìyá Ilé-Ogbó, tí kò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, tí kò sì mọ ìdí tó fi wà lórí ilẹ̀, gba tirẹ̀ pẹ̀lú, òun ló sì ṣe é gùn jù. Àbúrò mi wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, ó ń ju ọwọ́, ó ń kígbe pé kí ẹnì kan jọ̀ọ́ kó àwọn ìyá wọ̀nyí kúrò níbẹ̀. "Àmín" bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbàdúrà tán tó rẹ̀ wọ́n, ẹni tèmi dìde. Ó gbé gìtá rẹ̀, ó wo Alájà, ojú tirẹ̀ tutù fún omi. Òógùn ni mo pè é. Kò padà sórí orin. Onílù fọwọ́ sílẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀, mẹ́gàdì iléèwé pa iná, ó ní àdéhùn ni àdéhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Bàbá mi kì í bèèrè ọ̀rọ̀. Yóò kí ọ, yóò bi ọ́ nípa ara, yóò sì dákẹ́ títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi sọ ohun tó gbé ọ nínú. Mo wà nínú, mo ń ṣe bí ẹni ń gbálẹ̀. Bábà, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tí ẹgbẹ́ ti ń pàdé, ní orin àkọ́kọ́ ti falẹ̀ jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Ìgbà tí ọwọ́ tẹ orin gidi ni àwọn arúgbó gbà á. Olùkọ́ kan níléèwé tèmi ní ìdí méjì ni kò fi yẹ kí wọ́n dé orí rọ́ọ̀kì rárá, ó sì sọ ìdí méjèèjì. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kan ní òun ò mọ ti ìyókù, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi àdúrà sí nínú yẹn, ó dùn, ṣé ó ti wà nínú kásẹ́ẹ̀tì? Alùfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kùránì lẹ́yìnkùlé wa kò lọ rárá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, atẹ́gùn gbé e wá bá a. Ó ní wàásù yẹn wọ òun lára, àfi pé ìlù pọ̀ díẹ̀.

Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Alájà nìkan ló ń dúró dè. Alájà dé nírọ̀lẹ́, ó jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun lómi.

"Àbúrò mi, orin yẹn ò dáa," ló wí. "Kò ní orí, kò ní ìdí. Etí mi ṣì ń hó. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn, wọ́n kọ́ ọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi ní gbangba, a ní kó dìde, kò dìde. A ṣàdúrà fún un títí tó fi rẹ̀ wá. Mélòó nínú àwọn ọmọ tìrẹ ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

Bàbá mi ń mi orí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ inú rẹ̀. Ó ní kí n ránṣẹ́ sí i, kó wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín nínú kíṣìnì. Tèmi, mo ti ń ronú irú aṣọ tí màá rà.

Ìgbà tí a ń jẹun alẹ́ ní ọjọ́ kẹta ni àbúrò mi bà á jẹ́. Kò ní i lọ́kàn láti ṣe ibi. Ó ti ń bínú láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá ilé wọn ló wá ba orin jẹ́, ó sì gbọ́ tí Alájà tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìdọ̀bálẹ̀ náà fún ìgbà tí a ò mọ iye rẹ̀ mọ́. Ni ó bá ju òkèlè sílẹ̀.

"Alájà, ẹ jọ̀ọ́. Kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe máa ń ṣeré nìyẹn. Ó ṣe é ní Ìbàdàn, ó ṣe é níléèwé wa, mo wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló dùn jù nínú orin yẹn, ẹ sì gbà á lọ́wọ́ wa."

Kò sẹ́ni tó jẹun mọ́. Bàbá mi bi í ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, "Níléèwé yín, àgbà wà níwájú rẹ̀ tó fi dọ̀bálẹ̀?"

"Rárá, sà. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni."

Alájà ti sọ ìtàn náà fún gbogbo àdúgbò, ó ti sọ ní mọ́ṣáláṣí, ó ti sọ fún àwọn tó ń ta ẹ̀pà. Ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó wọlé lọ. Bàbá mi wẹ ọwọ́. "Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó wá."

Bí wọ́n bá fún mi ní àyè lálẹ́ ọjọ́ náà, ǹ bá fi gìtá lu àbúrò mi. Mo lè wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn lọ kìlọ̀ fún ẹni tèmi. Ó kù díẹ̀ kí n lọ, mo tilẹ̀ ti múra. Mo wá bọ́ bàtà. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n èmi náà fẹ́ mọ ohun tó máa sọ. Ẹni tó bá lè fi ìdọ̀bálẹ̀ tan ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ, kò sí ohun tí kò lè fi tan èmi náà jẹ.

Ó dé lọ́jọ́ Àìkú, nínú bùbá àti ṣòkòtò, kò sí gìtá, kò sí gíláàsì. Bàbá mi wà lórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, Alájà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àbúrò mi jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ògiri. Èmi àti ìyá mi wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Ẹni tèmi bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan símẹ́ǹtì, ó kí wọn.

Bàbá mi dáhùn. Kò ní kó dìde.

Ó bi àbúrò mi bóyá òjò ti débi páànù tó wà níta. Àbúrò mi jáde lọ wò ó, ó padà, ó ní kò tíì dé ibẹ̀. Bàbá mi bu obì jẹ. Adìyẹ kan wọlé, ó rìn yí orí àlejò wa ká, ó jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá mi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀.

"Èyí tóo ṣe yìí, ṣé orin wà nínú ẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Èyí tóo ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi níjọ́sí ńkọ́?"

Kò lè mọ̀ bóyá wọ́n ti gbọ́, tàbí wọn ò tíì gbọ́ tí irọ́ kékeré kan ṣì lè gbà á là. Èékánná ìyá mi wọ apá mi.

"Orin ni, sà," ló wí.

Àbúrò mi gbórí sókè. Bàbá mi kò wò ó.

"Nígbà tí mo lọ sílẹ̀, orin ni. Onílù a máa fún mi ní àmì, màá sì dìde. Ó fún mi ní àmì yẹn. Mo ti ká ẹsẹ̀ kí n dìde nígbà tí mo gbọ́ tí Màmá ní màá dàgbà, màá dogbó." Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gba ara símẹ́ǹtì jáde. "Kékeré ni mo wà nígbà tí ìyá mi kú. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣàdúrà fún mi, àfi kí n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ kan fún un. Mo ní kí n dúró gbọ́ díẹ̀. Màmá kejì bẹ̀rẹ̀, mo ní kí n gbọ́ tiwọn. Mi ò lè dìde mọ́. Ẹ má bínú, mà. Mo gba àdúrà tí kì í ṣe tèmi. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ gbà á padà, mi ò lè jiyàn."

Ẹkún gbọ̀n mí lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo ti bá a rìn fún ọdún kan, kò sọ ìyẹn fún mi rí.

Alájà fi etí ìborùn nu omijé. "A kì í gba àdúrà padà," ló wí. "Kì í ṣe àwo ọbẹ̀. Ó ti wọ̀ ọ́ lára." Ó kọjú sí bàbá mi. "Àbúrò mi, sọ fún ọmọ ọlọ́mọ kó dìde."

Bàbá mi wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, obìnrin tó pọ̀n ọ́n lọ sóko nígbà tí kò sí ìyá mọ́.

"Ẹ̀yin ti ṣàdúrà tiyín, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ò tíì ṣe tèmi. Òun fúnra rẹ̀ ló sì ní bí wọ́n bá ń ṣàdúrà, òun kì í lè dìde."

Ó ṣí fìlà. Ó ṣàdúrà fún iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ṣàdúrà fún ọ̀nà Ìbàdàn, ó ṣàdúrà fún gbogbo ará Kuta. Ó tilẹ̀ ṣàdúrà fún ìka tó ń ta gìtá, bó tilẹ̀ ń fa imú díẹ̀ nígbà tó dé ibẹ̀. Àbúrò mi ń ṣe Àmín, ó ń wo ilẹ̀. Èmi ò tíì ṣe tèmi. Mo ń dúró. Irú àdúrà bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wá ra páànù lè gbà á lọ́wọ́ bàbá mi lọ.

Ó sinmi díẹ̀, bíi pé ó ti parí, ó wá ní, "Ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní."

Wọn kì í ṣe èyí fún oníbàárà. Kí ẹnikẹ́ni ní pálọ̀ tó la ẹnu, mo ti ké Àmín láti ẹ̀yìn kọ́tìnì.